Aṣọ Iṣẹ́ Lórí Ìkọ́

Ṣeun, ẹ̀rín yìí ti pọ̀ jù. Gbé báàgì yẹn sílẹ̀, kó o wá jókòó. Ẹ̀yin yòókù náà, ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀sán Sátidé ni, kò sẹ́ni tó ń lé yín. Inú yàrá ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń kí Ṣeun kú oríire. Mo gbọ́ tó ní, "Ọ̀gá mi ní kí n lọ sinmi, wọ́n ní mo ti ṣiṣẹ́ gan-an," ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn, "lọ sinmi," òun ló lé mi dìde lórí ibùsùn.

Bàbá onílé tó ń pariwo nítorí géètì àti omi lẹ mọ̀ mí sí. Ẹ máa ń sọ láàárín ara yín pé àgbà yìí le jù, pé kò sí ilé tí wọ́n ti ń ṣòfin báyìí ní gbogbo Àgbowó. Ó dáa, mo le. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó ṣe àkàlàmàgbò tó fi dẹ́kun ẹ̀rín rínrín, bó bá ṣe igúnnugún, á wokoko mórí ẹyin. Èmi ni àkàlàmàgbò yẹn. Èmi náà ti pàtẹ́wọ́ rí nígbà tí wọ́n ní kí ẹnì kan lọ sinmi, nínú ọgbà yìí, lórí àga yìí gan-an.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ilé iṣẹ́ bísíkítì kan wà lọ́nà Challenge. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ, ilé epo ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìdí ààrò ni wọ́n fi mí sí, ibi tí bísíkítì ti ń jáde gbígbóná. Òórùn ṣúgà tó ń yọ́ kì í kúrò lára wa, bá a wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo bá wọ mọ́tò láti Challenge lọ sí Mọ́kọ́lá, àwọn ọmọdé á máa wo àpò mi, wọ́n á rò pé mo kó nǹkan sínú ẹ̀. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ò mọ̀ bóyá ọkọ lòun fẹ́ tàbí páálí bísíkítì.

Fèrè kan wà lórí òrùlé ilé iṣẹ́ náà. Bó bá dún láàárọ̀, kì í ṣe àwa nìkan là ń gbọ́ ọ. Gbogbo Ring Road ń gbọ́ ọ, àwọn ìyá á fi gbé omi kaná, àwọn tíṣà á fi yẹ aago ọwọ́ wọn wò. Ó ń dún lọ́sàn-án ká jẹun, ó sì ń dún nírọ̀lẹ́ ká máa lọ sílé. Tirọ̀lẹ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Bó bá ti dún, kò sí fóòmáànù tó lè ní kó o gbé páálí kan ṣoṣo, àfi tó bá kọ orúkọ ẹ sílẹ̀ pé wàá gba owó àfikún. Ẹ wo Túndé níbẹ̀ yẹn, tó ń wo fóònù ẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ọ̀gá ẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí i yẹn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, àárín ìsìn ni ọ̀gá kan náà ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pé kó jáde wá ṣe nǹkan fún òun, ó sì jáde. Kò sí fèrè tó ń dún fún ẹ̀yin.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ọ̀run ni ibẹ̀. Ooru ààrò yẹn jó irun apá mi tán, kò sì hù mọ́ dòní. Ẹ̀rọ gé ìka ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Múfútáù. Ahun lọ̀gá wa, kò fẹ́ fi nǹkankan sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fà á yọ lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ a lẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ yẹn sì ní alága kan. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn ẹ̀ ò ga, ṣùgbọ́n bó bá ti ń tún gíláàsì ojú ẹ̀ ṣe báyìí, ọ̀gá á ti mọ̀ pé wàhálà dé. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gé Múfútáù níka, Alága bá a jókòó sí ọsibítù ní Jẹ́ríkò títí wọ́n fi di ọwọ́ ẹ̀ tán. Ó padà wá bá ọ̀gá, ó ní, "Ọwọ́ tó kù fún un náà lè ṣílẹ̀kùn." Bí Múfútáù ṣe di ẹni tó ń ṣọ́ géètì nìyẹn, owó oṣù ẹ̀ ò sì dín. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwa rìn pọ̀.

Tó bá di ọdún Iléyá, àwa Kìrìsìtẹ́nì la ń dúró sídìí ẹ̀rọ àwọn Mùsùlùmí. Tó bá di Kérésì, àwọn náà á dúró sídìí tiwa. Lọ́dún kan, wọ́n gbé mi sídìí ibi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun, èmi tí mi ò mọ̀ ju ààrò lọ. Àpò iyọ̀ ni mo gbé, mo rò pé ṣúgà ni. Àwọn ará Challenge jẹ bísíkítì oníyọ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí, àwọn kan tiẹ̀ wá béèrè bóyá irú ẹ̀ ṣì kù. Alága ni kò jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Ó ní ẹni tó gbé aláàrò sídìí ìyẹ̀fun ni kó wá sanwó iyọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ gan-an ni ti ìkọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà tá a máa ń gbà wọlé, wọ́n kan ìkọ́ onírin mọ́ ara ògiri ẹ̀ láti òpin dé òpin. Ìkọ́ kọ̀ọ̀kan ló lórúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sábẹ́ ẹ̀. Orí ẹ̀ là ń fi aṣọ iṣẹ́ wa kọ́, kóòtù aláwọ̀ eérú kan báyìí. Bí ìsinmi ọdún bá kan ẹnì kan, fóòmáànù á dúró síwájú gbogbo wa, á pe orúkọ ẹni náà, á ní, "Lágbájá, lọ sinmi." Gbogbo wa á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, "Títí di ìgbà wo?" Fóòmáànù á wá dá ọjọ́ tí onítọ̀hún máa padà sẹ́nu iṣẹ́, etí gbogbo wa á sì gbọ́ ọ. Ìgbà yẹn ni ẹni tó ń lọ á tó fi aṣọ ẹ̀ kọ́ ìkọ́, á sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan aṣọ yẹn títí ó fi máa dé. Eruku á bò ó, aláǹtakùn á ta sí i, aṣọ á ṣì wà níbẹ̀.

Alága ló dá a sílẹ̀. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti sọ fún ọkùnrin kan pé kó lọ sinmi. Ọkùnrin náà sinmi títí, kò gbúròó wọn, nígbà tó sì padà dé, wọ́n bi í pé ta ló ń wá. Látìgbà yẹn ni Alága ti ní ìsinmi tí kò bá lọ́jọ́ ìpadà, kì í ṣe ìsinmi.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin tuntun kan dé láti Mọníyà, kò tíì mọ àṣà wa. Ó rí kóòtù eléruku lórí ìkọ́ Múfútáù, nígbà tí Múfútáù wà ní ìsinmi. Ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ kọ́ ibẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ rí i lọgun, gbogbo wa sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀, a tú síta. Bísíkítì tó wà nínú ààrò jó di èédú. Èéfín gba gbogbo ọ̀nà Challenge, àwọn ará àdúgbò ń gbé garawa omi sáré bọ̀. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun ò mọ̀ pé aṣọ awo ni. Ọjọ́ yẹn la rẹ́rìn-ín bí ẹni máa kú. Alága fúnra ẹ̀ ló gbé kóòtù náà nílẹ̀, ó gbọn eruku ẹ̀, ó sì dá a padà síbi tó wà.

Nígbà tí ìsinmi bá kan èmi, mo máa ń kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí oko bàbá mi lọ́nà Ìsẹ́yìn. Owó ìsinmi tí wọ́n fún mi lọ́dún kan ni mo fi ra bàtà aláwọ àkọ́kọ́ fún Bímpé, ọmọbìnrin mi. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ẹ̀ lẹ mọ̀, èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìyàwó mi, ìyá yín àgbà. Bímpé kékeré ti máa ń gbọ́ mi tí mò ń sọ ìtàn ìkọ́ yẹn, ó wá sọ ọ́ di eré. Bí ìyá ẹ̀ bá ní, "Bímpé, lọ sùn," á fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, á ní, "Títí di ìgbà wo?" Ìyá ẹ̀ á ní, "Títí àkùkọ á fi kọ." Ìgbà yẹn ni á tó lọ.

Ilé iṣẹ́ yẹn kógbá wọlé. Fèrè dún fún ìgbà ìkẹyìn, kálukú lọ ká aṣọ ẹ̀ kúrò lórí ìkọ́, àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n sì ń sunkún. Alága ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ẹ̀.

Bímpé ka ìwé dé Poli. Nígbà tó jáde, iṣẹ́ tó rí kò ju ti ilé ìtajà ńlá kan ní Bódìjà lọ, ó ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń dúró. Wọn ò fún wọn ní àga, wọ́n ní kò dáa kí oníbàárà rí wọn ní ìjókòó. Mo bi í pé ìwé ìgbanisíṣẹ́ ẹ̀ dà. Ó ní màdáàmù òun sọ pé, "Àwa kì í ṣe irú àwọn ilé iṣẹ́ yẹn o, fámílì ni wá níbí. Ta ló ń kọ ìwé fún ọmọ ẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọmọ mi nínú. Ó ń pe obìnrin náà ní Mọ́mì.

Ó lóyún. Ọkọ ẹ̀ ń ṣe bíríkìlà, ìlú tí iṣẹ́ bá wà ló ń lọ, kì í pẹ́ nílé. Ẹsẹ̀ Bímpé wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́, sílípáàsì mi ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó ti ojú géètì yìí wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìwọ Ṣeun ṣe ń rẹ́rìn-ín yìí. Ó ní, "Bàbá, Mọ́mì ní kí n lọ sinmi! Wọ́n tiẹ̀ ní kí n fi yúnífọ́ọ̀mù mi sílẹ̀, pé àwọn á bá mi fọ̀ ọ́."

Ìyá ẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó ní irú ọ̀gá báyìí ṣọ̀wọ́n, ó ní a ò lè jẹ́ kí wọ́n tún máa fọṣọ fún wa lórí oore tí wọ́n ṣe. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ fọ yúnífọ́ọ̀mù náà. Ó fi òwú pupa rán apá kan tó ti ya, ó ta á ní sítáàṣì, ó lọ̀ ọ́, ó sì ra ọsàn kún un. Bá a ṣe fi ránṣẹ́ sí wọn ní Bódìjà nìyẹn, pẹ̀lú ẹ ṣeun. Èmi ń kọ́? Mo jókòó, mo ń pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi béèrè "títí di ìgbà wo," mi ò béèrè. "Sinmi" tí mo mọ̀ látijọ́ ni mo gbọ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ náà padà nígbà tá a ò sí níbẹ̀.

Ó bímọ tán, ara ẹ̀ le, ó sì wẹ̀, ó padà lọ síbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin mìíràn ló bá nídìí tábìlì ẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ ló sì wà lọ́rùn ọmọ náà. Òwú pupa tí ìyá ẹ̀ fi rán apá ẹ̀ ló fi dá a mọ̀. Ó lọ bá Mọ́mì. Mọ́mì ní, "Ṣebí mo ní kó o lọ sinmi? Ṣé mo ní kó o padà ni?"

Mo fẹ́ bá a lọ. Mo sọ fún un pé òfin wà, pé aboyún lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi àti sí owó nínú ìsinmi náà, pé ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà nílùú yìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ ká bá wọn jà. Bóyá wọ́n á tún pè mí." Ó ń retí kí fámílì pe òun. Ó retí ìpè yẹn títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ó wá rí iṣẹ́ nílé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan ní Mọníyà, ó ń di omi sínú ọ̀rá. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹni tí ò bá wá lónìí, kó má wá lọ́la. Nígbà tí ibà mú un, ìyá ẹ̀ dì í mú ní ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀ ẹ́. Bímpé ní, "Mọ̀ọ́mi, bí mi ò bá lọ, wọ́n á ní kí n lọ sinmi." Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ nígbà yẹn, ẹ̀rù ẹ̀ sì ń bà á ju ibà lọ. Ó lọ lọ́jọ́ yẹn, ó tún lọ lọ́jọ́ kejì. Àárín àwọn àpò omi ló ṣubú sí. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé e sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ń fi omi nù ún lójú bọ̀. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọmọ mi ti lọ.

Ìyà jẹ mí, ẹ̀yin ọmọ. Mi ò ní fi òwe bò ó.

Àwọn ará ilé iṣẹ́ náà kó àpò omi wá síbi ìsìnkú. A mu ún. Ta ló máa ní kí àlejò má mumi? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn aláṣọ funfun yí pósí ká, wòlíì wa dìde, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ará, ẹ má barajẹ́. Bímpé arábìnrin wa ti lọ sinmi."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kàn gbọ́ ohùn mi tó ń lọ sókè láàárín ṣọ́ọ̀ṣì. "Títí di ìgbà wo?"

Gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ti yí mi lórí, ẹnì kan ti ń gbé àga bọ̀ kí n jókòó. Ìyá Bímpé nìkan ló mọ ohun tí mò ń béèrè. Ó kàn di etí aṣọ mi mú, kò fà á, kò sì jẹ́ kó lọ.

Ẹ gbójú sókè. Ṣeun, má sunkún, ọ̀rọ̀ tìẹ ni mò ń bọ̀ wá sí. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n èmi ò ní ìyẹ́ mọ́, jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìwọ tí ò ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Dùgbẹ̀, ṣé kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí lo bi ọ̀gá rẹ pé kí ló dé tí wọ́n fi gé owó oṣù rẹ? Ìwọ náà lo sọ ọ́ fún ìyá yín àgbà, mo gbọ́. Lónìí ó wá ní o ti ṣiṣẹ́ gan-an. Fi aṣọ iṣẹ́ rẹ hàn mí. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù tó o máa ń sá sórí okùn yẹn dà?

Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè kí Túndé náà gbọ́.

Wọ́n ní kó o fi sílẹ̀.

Ó dáa. Pè é. Báyìí ni mo wí, kì í ṣe lọ́la. Tẹ̀ ẹ́ kí ohùn ẹ̀ jáde síta. Kí i dáadáa, pè é ní sà, má bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó o bi í, ìwọ náà sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ dákẹ́, ó ń dún.

Ó gbé e.

Béèrè, ọmọ mi.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ohun tó wí: "Ṣeun, kí ló ń lé ọ? Ṣebí ìsinmi ni mo ní?" Tún un béèrè. Dúró lórí ẹ̀.

Ó ti pa fóònù.

Ẹ ti gbọ́ ọ fúnra yín báyìí, mi ò ní wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Túndé, lọ bá mi mú fìlà mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ọ̀gá bá pe fóònù yín, ẹ jẹ́ kó máa dún, a jọ ń lọ ni. Ṣeun, nu ojú ẹ, kó o wọ bàtà. Wọn ò tíì ti ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀. Ká tètè débẹ̀, bóyá aṣọ rẹ ṣì wà lórí ìkọ́.